Èrò Wa: Owó Ń Fo Láàbù Ọmọ Òṣìṣẹ́ Kọjá

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Kì í ṣe ti owó oṣù, kì í ṣe ti ófátáìmù, kì í sì í ṣe ti àwọn tí wọ́n ń já owó gbà lọ́wọ́ awakọ̀ lójú títì. Ọ̀rọ̀ Báyọ́lọ́jì ni, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ láti SS1 títí dé SS3. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, kí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́ àti ewé tí olùkọ́ ń yà sí ojú pátákó? Ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀. Owó wa wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú wa tó. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bíà rí mọ̀ pé láàbù kan wà níbẹ̀ tí àwọn aláṣọ funfun ń wọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti bu díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú táǹkì, kí wọ́n kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì fi máíkírósíkóòpù wò ó, èyíinì ni awò tí ó ń sọ ohun tí ojú lásán kò lè rí di ńlá. Wọ́n ń ka ìwúkàrà. Ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà. Òun ni ó ń jẹ ṣúgà inú omi ọkà, tí ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Bí ó bá kéré jù, ọtí kò ní í ṣe dáadáa. Bí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá ti kú, òfò dé. Bákan náà ni ó rí ní ilé-iṣẹ́ wàrà àti ti omi inú ike, tí wọ́n ń wá kòkòrò àìlèfojúrí kí ọjà tó jáde. Kò sí kọ́ńpánì tí ó jẹ́ fi iṣẹ́ yìí ṣeré, nítorí pé èrè wà níbẹ̀.

Wàyí o, òṣìṣẹ́ tí ó ń nu ilẹ̀ láàbù yẹn, tàbí awakọ̀ tí ó ń kó ọtí náà lọ sí Ìlọrin, ọmọ rẹ̀ wà ní SS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ọmọ náà ti ya máíkírósíkóòpù sínú ìwé rẹ̀, ó sì ti kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i, ó mọ̀ wọ́n lórí bí orin. Kò tíì fi ojú ara rẹ̀ wo inú ọ̀kan rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ fún wa pé ọjọ́ tí ọmọbìnrin òun kọ́kọ́ fọwọ́ kan máíkírósíkóòpù ni ọjọ́ ìdánwò WAEC gan-an, àti pé àwọn méje ni wọ́n jọ pín ọ̀kan ṣoṣo lò. Ìgbà tí ó fi máa mọ apá ibi tí wọ́n ń yí i sí, àsìkò ti lọ.

A kò sọ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà tí nǹkan pé sí, owó tí wọ́n ń gbà ní táàmù kan sì ju owó oṣù wa lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àtijọ́ kan náà wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àná ń dá owó jọ láti tún láàbù wọn ṣe. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀?

Bí ìdánwò náà ṣe rí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀. Báyọ́lọ́jì ti WAEC ní apá tí a ń kọ sórí ìwé, ó sì ní apá ìfọwọ́ṣe, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní práktíkà. Ọmọ tí ó bá ń ṣe ìdánwò láti ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe práktíkà pẹ̀lú ohun gidi níwájú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣe é ní tiwọn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fún ní ìbéèrè orí ìwé dípò rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, WAEC a kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n wá irú nǹkan báyìí báyìí sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ń rántí láàbù. Wọn a ní kí òbí san owó práktíkà. Wọn a rán ọmọ lọ sí ọjà lọ ra ẹja, ọsàn àti ẹ̀wà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n tún ń gba owó mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, láti fi ìdáhùn lé ọmọ lọ́wọ́. Òbí tí ó san irú owó bẹ́ẹ̀ kò ṣe rere, a kì yóò fi bò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní gbà láti san án bí wọ́n bá ti kọ́ ọmọ wọn ní iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Láàbù kì í ṣe ilé lásán, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ nìyẹn. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àti nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ wa sọ ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì di ọ̀fẹ́ lẹ́yìn ọdún 1979, ohun tí wọ́n nílò jù ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí mọ̀wé kà bí kò bá ṣe ìgbà náà, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé oore. Bíríkì àti páànù ni a fi ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán ó tán. Láàbù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ gáàsì, ó ń fẹ́ oògùn àyẹ̀wò tí ó ń tán, gíláàsì tí ó ń fọ́, àti ẹni kan tí ìjọba ń san owó oṣù fún láti máa tọ́jú gbogbo rẹ̀. Owó tí a ń ná sí i lọ́dọọdún ni ó ń mú un wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí epo àti táyà ṣe jẹ́ fún ọkọ̀. Ìjọba tí ó kọ́ láàbù, tí ó gé ríbọ́ọ̀nù, tí kò sì fi owó oògùn sí ètò ìṣúná, bí ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí kò ra epo ni.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí a ń wí yìí kò le. Ẹ bu ègé iṣu kékeré kan, ẹ kán ayodíìnì lé e, yóò dúdú lójú ẹsẹ̀, yóò máa dán bí aró. Ọmọ tí ó rí i báyìí kò tún ní í gbàgbé láé pé sítáàṣì ni ó wà nínú iṣu. Ẹ bó awẹ́ àlùbọ́sà, ẹ ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà ní inú rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ óò rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tò bí bíríkì ara ògiri. Ayodíìnì díẹ̀ àti àlùbọ́sà kan kò gba owó ńlá. Ohun tí ó sọnù ni máíkírósíkóòpù, àti olùkọ́ tí ó ní àyè láti fi han ọmọ ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan nínú wa ń wí pé kí ẹgbẹ́ mójú tó owó oṣù, kí ó fi Báyọ́lọ́jì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. A bi wọ́n pé, nígbà tí ibà bá kọlù yín, ta ni ó ń wo ẹ̀jẹ̀ yín? Gbogbo wa ni a mọ àwọn ilé oògùn tí ó jẹ́ pé gbogbo ara gbígbóná ni wọ́n ń pè ní "ibà àti táífọ́ọ̀dù", tí wọ́n á sì di oògùn lé ènìyàn lọ́wọ́ láìṣe àyẹ̀wò kankan. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1880 ni dókítà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Laveran ti fi máíkírósíkóòpù rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ sójà kan ní Algeria. Ó ti ju ogóje ọdún lọ. Irinṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́dún náà lọ́hùn-ún ni kò tíì dé kíláàsì ọmọ wa, nígbà tí ibà kò sì tíì kúrò ní ilé wa.

Ẹ sì rántí ọdún 2014. Ní oṣù keje ọdún náà, èrò ọkọ̀ òfuurufú kan láti Làìbéríà gbé àrùn Ebola wọ Èkó, ìlú tí gáréèjì rẹ̀ kì í sùn. Láàbù ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà àti àwọn onímọ̀ Yunifásítì Redeemer's ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n fi mọ̀ pé Ebola ni. Nítorí pé a tètè mọ̀, ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní ilẹ̀ wa, 8 kú nínú wọn, nígbà tí ó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀, tí ẹ ń fara kan ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò lójúmọ́, ẹ ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pè é ní ibà lásán.

Nígbà tí Kòrónà dé ní oṣù kejì ọdún 2020, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ibùdó ìmọ̀ kan ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, fi ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú fáírọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Ẹdẹ o, kì í ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti lóye. Ọ̀kan nínú wọn ni ti PCR, tí ará Amẹ́ríkà kan, Kary Mullis, ronú kàn ní ọdún 1983. Ó ń mú ẹyọ kan nínú DNA, èyí tí ó dà bí ìwé ìlànà inú ohun abẹ̀mí, ó ń sọ ọ́ di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Bí ẹ̀rọ náà bá yí po nígbà 30, ẹyọ kan ti di ju bílíọ̀nù kan lọ, a sì lè rí ohun tí ó fara pamọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ, láti ara owú tí wọ́n tì bọ imú yín, bóyá Kòrónà wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Báńkì Àgbáyé wà lára àwọn tí wọ́n fi owó gbé ibùdó Ẹdẹ dìde láti ọdún 2014. Ó dára. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n yóò ti rí àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ogún ọdún sí i? Bí ọmọ tí kò rí sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà rí kò bá lè dé ibẹ̀, a jẹ́ pé ọmọ àwọn tí ó lówó nìkan ni yóò dé ibẹ̀. Nígbà tí àrùn mìíràn bá sì dé, àwa ni wọn yóò tún sé mọ́lé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Èkó àti Ògùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ọdún 2020, tí awakọ̀ kò rí ọkọ̀ gbé jáde, tí ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ kò sì rí nǹkan fi sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí owó. Ní ọdún 1993, ìjọba ṣe òfin pé kí kọ́ńpánì máa yọ ìdá 2 nínú 100 èrè rẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́. Ta ni ó pa èrè náà? Àwa ni, tọ̀sán-tòru, ṣíìfù lórí ṣíìfù. Nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sẹ́kọ́ńdírì àti yunifásítì ni wọ́n jọ ń pín in. Ní ọdún 2011, wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n dá TETFund sílẹ̀, owó náà sì di ti yunifásítì, pólì àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àgbà nìkan. Òfin ọdún 2021 gbé e lọ sí ìdá 2.5, ti ọdún 2023 gbé e dé ìdá 3. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n ti fi owó ìdàgbàsókè mìíràn rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn owó orí kan, ìdá 4 nínú 100 èrè, ìdajì rẹ̀ sì ń lọ sí TETFund.

Ní ìsàlẹ̀, òfin UBE ti ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú 100 owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. (Ìyẹn náà ní àléébù tirẹ̀: ó ti ṣẹlẹ̀ léraléra pé owó náà wà nílẹ̀, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan kò san ti wọn kí wọ́n tó lè gbà á.) Ẹ wá wo àárín. Láti SS1 dé SS3, níbi tí Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, kò sí èyí tí ó kan nínú owó méjèèjì yìí. Ti ìsàlẹ̀ tán ní JSS3, ti òkè bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan fún sẹ́kọ́ńdírì àgbà, a kò sẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn ìpínlẹ̀ ni ẹrù náà wà. Owó tí ọwọ́ wa pa ń fo láàbù ọmọ wa kọjá, ó ń lọ dúró de ọmọ náà ní yunifásítì tí kò ní í lè wọ̀, nítorí práktíkà tí kò yege nínú rẹ̀. Owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ láìgba èlé láti ọdún 2024 kò wo ọgbẹ́ yìí, nítorí pé ẹni tí ó ti wọlé tán ni ó wà fún.

Ní ọdún 2015, ní Incheon ní ilẹ̀ Kòríà, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fohùn ṣọ̀kan pé ó kéré tán ìdá 15 sí 20 nínú 100 owó tí ìjọba ń ná ni kí ó lọ sí ẹ̀kọ́. Láti ọdún 2016 títí di 2025, ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ wa kò fún ẹ̀kọ́ ní ìdá 10 lọ́dún kankan. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí, ó ti lé ní 1,500. Máíkírósíkóòpù àti oògùn àyẹ̀wò, òkè òkun ni wọ́n ti ń bọ̀. Ìlọ́po mẹ́ta owó àná ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá san báyìí fún èyí tí kò lè rà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n á ní, ayé ti dayé kọ̀ǹpútà, kí ọmọ lo fóònù. Lóòótọ́, fídíò wà tí ó ń fi bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín han ènìyàn, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba fún àwọn kọ́ńpánì fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Bàbá tí ó ń ra dátà ọgọ́rùn-ún náírà láti fi gbọ́ ìròyìn, ṣé òun ni yóò rà á fún ọmọ láti wo fídíò wákàtí kan? Ọ̀nà mìíràn tí a gbọ́ sí ni máíkírósíkóòpù bébà tí wọ́n ń pè ní Foldscope, tí Manu Prakash àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2014. Bébà kíká ni, pẹ̀lú gíláàsì kékeré kan bí orí abẹ́rẹ́. Ohun èlò inú rẹ̀ kò tó dọ́là kan, oríṣi tí ó wọ́pọ̀ sì ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 140. Àwa fara mọ́ ọn, bí ẹni kan bá mú un wá a ó gbà á. Ṣùgbọ́n a kò ní í gbà kí ó di àwáwí, kí ọmọ olówó máa lo ti irin, kí tiwa máa lo ti bébà, kí ìjọba sì wí pé òun ti ṣe é.

Ohun tí àwa rò pé ẹ̀ka wa lè ṣe nìyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí a ń bá ṣiṣẹ́ máa ń pààrọ̀ irinṣẹ́ láàbù wọn. Àwọn ti àtijọ́ a wà nínú sítọ̀ọ̀, eruku a bò wọ́n, títí wọ́n yóò fi kó wọn tà fún àwọn oníràwárá irin. Nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá fún ìdúnàádúrà, a fẹ́ kí ó wà lára ohun tí a ń béèrè pé kí máíkírósíkóòpù tí wọn kò lò mọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ mọ̀ pé gílóòbù iná, díńgí àti sìkúrúù ni ó sábà máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún ọwọ́ yín. Kí ilé-iṣẹ́ sì ṣí láàbù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ní Sátidé kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá wo ìwúkàrà tí ó ń bọ́ bàbá wọn. Kò ní í ná kọ́ńpánì ní nǹkan tí ó lè dùn ún.

Ti ìjọba wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ka kan kò sì lè dá a ṣe. A ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀, kí wọ́n béèrè pé kí owó oògùn láàbù àti owó oṣù olùtọ́jú láàbù ní ìlà tirẹ̀ nínú ètò ìṣúná, kí a lè máa tọ pinpin rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí wọ́n sì béèrè ní Àbújá pé kí díẹ̀ nínú owó orí èrè tún máa dé SS1 sí SS3, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dé sẹ́kọ́ńdírì kí ọdún 2011 tó dé. Kì í ṣe ohun tuntun ni a ń béèrè.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo kò ṣe é gbé lọ sí ìpàdé. Nítorí náà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà, kí ó bi ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́rin lálẹ́ òní: máíkírósíkóòpù mélòó ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yín? Mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti wọ láàbù ní táàmù yìí? Èló ni wọ́n ní kí ẹ san fún práktíkà? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, láìkọ orúkọ ọmọ, kí ẹ sì fún aṣojú ẹ̀ka ní ibi iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gáréèjì, ẹ fún akọ̀wé yín. Akọ̀wé ẹ̀ka yóò ṣe àkójọ wọn kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó wáyé, a ó sì kà á síta níbẹ̀.